Ọkọ̀ Jámánì Àtijọ́: Ìfẹ́ Rẹ̀, Ìtọ́jú Rẹ̀, àti Ọwọ́ Tí Yóò Máa Tún Un Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nínú ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ọdún kẹwàá

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ tí ó bá pé ọdún mẹ́wàá tí kò fọ́, tí kò sì pín sí méjì nítorí owó tàbí ipò, ó yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n ń fẹ́, nítorí pé iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe. Wọ́n ní rárá, kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ mi. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n: Benz V-boot aláwọ̀ ewé tí ó máa ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò nígbàkigbà tí a bá ń ṣèpàdé. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣe é. Àwọn kan nínú yín ti bi mí rí bóyá báńkì wa kò san owó oṣù mọ́ ni. Ó dára. Lónìí, ọwọ́ mi ni máíkì wà, ẹ ó gbọ́ tẹnu mi.

Mo fẹ́ sọ bí irú ọkọ̀ yìí ṣe di ará ilé wa, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ohun tí a lè yí padà lára rẹ̀ àti ohun tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn, àti iye tí ó ń náni. Lẹ́yìn náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ kí a tó dìbò ní ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀.

Bí ó ṣe di ará ilé wa

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1886 ni Carl Benz, ará Mannheim ní Jámánì, bèèrè fún ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú ọkọ̀ náà, kò sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì wà á lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ìrìn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ọ̀nà tí epo ń gbà kọjá dí. Ó fi abẹ́rẹ́ tí ó fi mú fìlà rẹ̀ gún un títí tí ó fi là. Wáyà kan ń bó. Ó fi ohun tí ó fi di ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Bíréèkì ń jẹ tán. Ó ní kí oníṣẹ́ bàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Ilé olóògùn kan ní Wiesloch ni ó ti ra epo. Nígbà tí ó padà délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé agbára ọkọ̀ náà kò ká òkè, wọ́n sì fi gíà kan kún un.

Ẹ ṣe àkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Ìrìn jíjìn àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ rìn láyé, àtúnṣe àti àyípadà wà nínú rẹ̀, obìnrin ni ó sì ṣe é. Nítorí náà, bí ìyàwó rẹ bá ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, má ṣe lé e padà sí ilé ìdáná.

Nílé wa níbí, Volkswagen ni ó kọ́kọ́ wọlé jù. Ìjàpá ni a sọ ọ́, nítorí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tí ó wà ní ọ̀nà Badagry ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá. Àkókò owó Údọ́jì ni. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba yá owó ọkọ̀, wọ́n sì gbé Ìjàpá wálé. Púpọ̀ nínú wa tí a jókòó síbí, inú Ìjàpá ni wọ́n ti gbé wa láti ilé ìwòsàn lọ sí ibi ìkómọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù wà níwájú, afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ú lára, kò ní rédíétọ̀ rárá. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ni ó to Igala, èyí tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn ní Puebla, ní orílẹ̀-èdè Mexico, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, iye tí wọ́n ti ṣe lágbàáyé ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Lẹ́yìn Ìjàpá ni Passat, Golf, Audi, BMW àti Benz. V-boot tí a ń sọ yìí, W124 ni àwọn tí ó ṣe é ń pè é. Ìparí ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. A ń pè é ní V-boot nítorí bí ẹnu búùtù rẹ̀ ṣe gé wọ àárín iná ẹ̀yìn méjèèjì.

Kí ni ó jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Irin wọn nípọn, èyí kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì ni pé wọ́n ṣe wọ́n kí a lè tú wọn. Bóńẹ́ẹ̀tì V-boot lè dúró gbọnrangandan sókè kí mẹkáníìkì rí àyè. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, o sì lè fi nọ́ńbà yẹn bèèrè rẹ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Stuttgart. Awakọ̀ takisí kan wà ní ilẹ̀ Gíríìsì, Gregorios Sachinidis ni orúkọ rẹ̀. Benz 240D ọdún 1976 ni ó fi ṣiṣẹ́ títí ó fi rin kìlómítà mílíọ̀nù 4.6. Ní ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ Mercedes gbà á lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Kì í ṣe pé ohunkóhun kò bàjẹ́ lára rẹ̀ o. Bí ó bá bàjẹ́, ó ń tún un ṣe ni. Ní Jámánì fúnra rẹ̀, láti ọdún 1997, ọkọ̀ tí ó bá pé ọgbọ̀n ọdún tí ó sì wà bí wọ́n ṣe ṣe é lè gba nọ́ńbà tí lẹ́tà H wà ní ìparí rẹ̀. Ohun àjogúnbá ni wọ́n kà á sí. Àwọn àgbà wa ti sọ tiwọn ṣáájú: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìtọ́jú

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí ó ń pa ọkọ̀ wọ̀nyí ní ilẹ̀ wa kò pọ̀, mo lè kà wọ́n ní ìka ọwọ́ kan.

Èkíní ni ooru. Omi ẹ̀rọ lásán kò tó nínú rédíétọ̀. Ó ń dá ìpẹtà sílẹ̀, ó sì ń jẹ orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe. Ẹ ra kúláńtì, kí ẹ sì pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára gálọ́ọ̀nù. Ohun kejì tí ó jọ èyí ni tẹmositáàtì. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe ni kí wọ́n yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tẹmositáàtì ni kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ibi ooru tí ó yẹ kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa fi òtútù ṣiṣẹ́, yóò máa mu epo bí ẹni mu omi, inú rẹ̀ yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ooru tí wọ́n ń sá fún, rédíétọ̀ tí ó dí tàbí fáànù tí ó ti rẹ̀ ni ó ń fà á.

Èkejì ni ọ́ìlì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí táyà kò yí. Nítorí náà ni èmi fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì mi ní gbogbo 5,000 kìlómítà, pẹ̀lú fílítà rẹ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ fi fílítà àtijọ́ sílẹ̀. Ìyẹn dà bí ẹni wẹ̀ tí ó tún wọ aṣọ tí ó fi ṣe iṣẹ́ oko.

Ẹ̀kẹta ni bí epo ṣe ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ V-boot àti Benz 190E ìgbà yẹn ń lo ẹ̀rọ Bosch tí a ń pè ní KE-Jetronic. Ó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó wọlé, ó sì ń pín epo sí ẹnu sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà. Epo dídọ̀tí àti rọ́bà tí ó ti gbó tí afẹ́fẹ́ ń gbà yọ́ wọlé ni ọ̀tá rẹ̀. Rọ́bà yẹn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò tú gbogbo rẹ̀ dànù, yóò sì de kabúrétọ̀ ọkọ̀ mìíràn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tèmi kí n tó rà á. Oṣù méje ni ó gbà mí láti kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ jọ lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tí ó wà lórí kabúrétọ̀, lítà epo kan kì í gbé e ju kìlómítà mẹ́fà lọ. Nísinsìnyí ó ń rìn tó mẹ́sàn-án. Ẹ fi iye tí a ń ra epo lónìí ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni wáyà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra Benz tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1993 sí 1995, kí ó ṣí ibi tí wáyà ẹ́ńjìnnì wà, kí ó wò ó dáadáa. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà nígbà náà ń gbẹ, ó ń rún wómúwómú bí àkàrà àná. Bí ó bá ti rún, ọkọ̀ yóò máa ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọn yóò sì máa ta ẹ̀yà tí kò ṣe nǹkan kan fún ọ.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ mú relé bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé ìyókù, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tuntun náà. Bíréèkì àti táyà ni. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí bíréèkì sì gbóná lórí òkè, omi yóò hó, ẹsẹ̀ rẹ yóò sì wọlẹ̀ láìrí ohun tí yóò dá ọkọ̀ dúró. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ní ti táyà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tí ó tẹ̀lé e ni ọdún. Bí ẹ bá rí 3214, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Kò sí bí ó ṣe lè máa dán tó, táyà tí ó ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kò yẹ fún ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ka nọ́ńbà wọn kí ẹ tó sanwó. A ti bá ara wa lọ sí ìsìnkú púpọ̀ jù nítorí táyà.

Àyípadà

Ọkọ̀ ẹni, bí ó bá wuni, a lè fi ohun tí ó wuni sí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1967 ni ọkùnrin Jámánì méjì, Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher, dá AMG sílẹ̀ láti máa fi agbára kún ẹ́ńjìnnì Benz. A àti M ni orúkọ àwọn méjèèjì, G ni Großaspach, ìlú tí wọ́n ti bí Aufrecht. Ní ọdún 1971, Benz ńlá tí wọ́n tún ṣe gbé ipò kejì nínú eré ìje wákàtí 24 ní Spa, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ti BMW, Alpina ni ó mú tiwọn, Burkard Bovensiepen ni ó sì dá a sílẹ̀. Kabúrétọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, inú ọgbà ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni.

Àwọn wọ̀nyí ní ìlànà kan tí mo fẹ́ kí àwọn àbúrò wa kọ́: bí o bá fẹ́ fi kún bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, kọ́kọ́ fi kún bí ó ṣe ń dúró.

Ohun tí a lè yí padà pọ̀. Ìdè iná iwájú wà lára rẹ̀: ẹ fi rílée sí i kí iná tó kún máa dé gílóòbù. Gáàsì ẹ̀rọ amútutù náà ńkọ́? Irú ti àtijọ́ tí a ń pè ní R12 ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yí i sí R134a, kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú. Rédíò, ìjókòó, rímù tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ọkọ̀ mu, gbogbo wọn dára.

Ohun tí kò dára ni gígé sípírínì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Lójú ọ̀nà wa, kòtò kan ṣoṣo yóò kọ lẹ́tà sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ. Rímù tí ó tóbi jù yóò máa gé táyà. Ìdí ẹ̀sọ́ọ̀sì tí wọ́n gé kí ó lè máa bú ramúramù kò fi ẹṣin kan kún agbára ọkọ̀, oorun àwọn aládùúgbò nìkan ni ó ń dín kù. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí àwọ̀ ọkọ̀, ẹ lọ yí i padà nínú ìwé rẹ̀. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá ìwé mu, bí ọkọ̀ olè ni ó ṣe rí lójú ọlọ́pàá.

Iye tí ó ń náni

Ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ iṣẹ́ mi díẹ̀. Bí ènìyàn bá yá mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ra ọkọ̀, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 30 nínú 100 lọ́dún, èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan lè súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Ọkọ̀ náà kò níí dúró dè é; iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti gbé e jáde. Mo ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sọkún nítorí ọkọ̀ tí wọ́n rà kí wọ́n lè gbé e lọ sí òde.

Ṣùgbọ́n n kò níí tàn yín: ọkọ̀ àtijọ́ kò pọ́ọ́kú. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sí, títí kan owó oúnjẹ ọmọ iṣẹ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ó ń jẹni lówó jù, nítorí gbèsè ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ni a ń san. Lẹ́yìn náà ni yóò rọlẹ̀. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni o ní, tí òun ni o fi ń wá oúnjẹ fún ìdílé, má fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Rà á nígbà tí o bá ní òmíràn tí yóò gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá wà lórí jáàkì. Owó tí o bá sì fẹ́ ná lé e lórí, kí ó jẹ́ èyí tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ, kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí o yá.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Ẹni tí ó tún KE-Jetronic mi ṣe, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ Báńkì ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá gbé ọkọ̀ dé, wọn kì í kọ́kọ́ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì. Wọn á ní kí n jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́, wọn á gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn á sì tẹ́tí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á ní, "Sìlíńdà kẹta kò jẹun yó." Wọ́n kì í sì í ṣì í.

Nígbà kan, ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá ní lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, wọ́n á ṣe fíríídọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà fún wọn. Lónìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù. Àwọn tí ó lọ, òmíràn ń gun ọ̀kadà, òmíràn ti rìnrìn àjò. N kò bá wọn wí. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè dúró kọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́rin láìsí owó oúnjẹ àti irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá lọ lọ́la, gbogbo ohun tí etí wọn mọ̀ bá wọn lọ nìyẹn. Owó báńkì kò lè rà á padà.

Nínú owó ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí, ìgbìmọ̀ ti ní kí a ra àga àti kánópì tuntun. N kò ta kò ó pé àga wa ti gbó. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a pín owó náà sí méjì. Kí ìdajì kan ra àga. Kí ìdajì kejì gbé ọmọ méjì ní ìlú yìí sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, kí a máa san owó oúnjẹ wọn lóṣooṣù, kí a sì ra àpótí irinṣẹ́ fún wọn, èyí tí yóò di tiwọn lọ́jọ́ fíríídọ̀mù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ obìnrin, yóò dùn mọ́ mi. Ẹ rántí Bertha. Kí a sì máa fi fóònù gba ohùn Bàbá sílẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Èmi yóò máa ṣe ìyẹn fúnra mi.

Ẹnìkan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkọ̀ oníná ń bọ̀, kí ni a fẹ́ fi mẹkáníìkì ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn mi ni pé ọkọ̀ oníná náà ní bíréèkì, ó ní bọ́ọ̀lì jọ́ìntì, ó ní wáyà àti omi tí ń tu bátìrì lára. Ohun tí Bàbá ń kọ́ni ju Benz lọ. Wọ́n ń kọ́ ọmọ láti wádìí àìsàn kí ó tó fún un lóògùn. Ọkọ̀ àtijọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù fún un, nítorí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni ojú lè rí tí ọwọ́ sì lè tó. Ọmọ tí ó bá mọ ìyẹn, yóò kọ́ ìyókù.

Bí a bá tún pàdé fún ayẹyẹ ogún ọdún, àga tí a fẹ́ rà yìí yóò ti kán. Àwọn ọmọ méjì yẹn yóò ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, àti ọmọ iṣẹ́ tiwọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò nìyẹn kí ẹ tó nawọ́ sókè.

 Ẹni tí ó bá fẹ́ kí n bá òun wo nọ́ńbà táyà rẹ̀, a ó bára wa níta lẹ́yìn oúnjẹ. A ó ṣe ọdún mìíràn láàyè o. Ọlọ́run kò níí jẹ́ kí a rí ìjàǹbá ojú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ wa kò níí túká. Àṣẹ.